Ọmọ Tí Òfin Ṣì Ń Retí

Ẹni tí kò bá mọ Ìyá Yunifọ́ọ̀mù ní àdúgbò náà, á jẹ́ pé kò lọ sílé ìwé rí nìyẹn. Òun ló ń rán aṣọ ilé ìwé fún gbogbo ọmọ tó wà láàárín ilé epo àti afárá, àwọn tó sì ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí ti wọ aṣọ rẹ̀ sunkún wọ kíláàsì rí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú kan wà níbẹ̀ tí òdòdó tí wọ́n kùn sí i lára ti pa rẹ́, tábìlì gígùn kan wà tó ti ń gé aṣọ, àpò ńlá kan sì wà tó kún fún àjákù aṣọ búlúù, nítorí gbogbo ilé ìwé tó wà nítòsí ló yan búlúù, àfi bí ẹni pé àwọ̀ mìíràn ti tán láyé.

Ẹnu rẹ̀ mú. Bí ìyá ọmọ kan bá ní kó dín owó iṣẹ́ kù, yóò wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Ẹ kọ́kọ́ bá mi dín gíga ọmọ yìí kù ná." Síbẹ̀ wọn kì í gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ sínú kí wọ́n lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń ga. Yóò wo bàtà ọmọ, yóò wo ìyá tó mú un wá, yóò sì mọ iye tí yóò ṣẹ́. Kì í sábà ṣì í.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọmọ inú ilé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí ní Màmá Òkè, wọ́n ń pe Ìyá Yunifọ́ọ̀mù ní Màmá Ìsàlẹ̀, àlejò kò sì lè mọ èyí tó bí wọn nínú àwọn méjèèjì. Màmá Òkè kì í pariwo. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Títí di òní, bó bá gbé ife tíì kalẹ̀, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ ló ṣe ń gbé e.

Màmá Òkè kò bímọ. Ó lọ́kọ nígbà kan. Ọkọ náà retí, ó sú u, ó gbé ìyàwó mìíràn wọlé, àwọn ará ilé ọkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ gún un lára láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan tó wá bá àbúrò rẹ̀. Ìyá Yunifọ́ọ̀mù kò bi í ní nǹkan kan. Ó kó ìdì aṣọ kúrò ní yàrá òkè, ó gbá a, ó tẹ́ ibùsùn, ó ní, "Àǹtí mi, ọ̀dọ̀ fèrèsé yìí ni kí ẹ gbé orí sí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wọlé." Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Màmá Òkè dákẹ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Yunifọ́ọ̀mù bí àkọ́bí rẹ̀, oníbàárà kan wọlé, ó rí ọmọ lẹ́yìn Màmá Òkè, ó ní, "Ah, ẹ kú ewu! Ṣé tiyín nìyí?" Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí já bọ́, ó sì fọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá Òkè tún ọ̀já ọmọ náà so. Láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni àbúrò rẹ̀ ti dáhùn, láì gbé ojú sókè: "Ọmọ-ọmọ ìyá wa ni." Ìbéèrè parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó tún sọ "ọmọ mi" nínú ilé yẹn mọ́. Nígbà tí wọ́n bí ọmọkùnrin tẹ̀ lé àkọ́bí obìnrin, ọmọ-ọmọ ìyá wa lòun náà. Bí ilé ìwé bá ní kí òbí wá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń lọ. Bàbá àwọn ọmọ kú nígbà tí àbíkẹ́yìn ṣì ń rá, ẹ̀yìn Màmá Òkè ni ọmọ náà sì dàgbà sí.

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé gbólóhùn ìfẹ́ yìí yóò dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan níwájú òfin.

Dókítà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ sí Ìyá Yunifọ́ọ̀mù láyà, ó tẹ́tí, ó ní ó ti rẹ ọkàn rẹ̀. Ìyá ní, "Ó yẹ kó rẹ̀ ẹ́, kò tíì gba ìsinmi rí." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ń bọ̀ nílé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ikú. Orúkọ òun nìkan ló wà lórí ìwé ilé. Bí òun bá lọ, ta ni yóò rí i pé ẹnikẹ́ni kò lé Màmá Òkè jáde? Àkọ́bí kò ní wàhálà, nọ́ọ̀sì ni, orí rẹ̀ pé. Àbíkẹ́yìn ni. Ọmọ náà ti lé díẹ̀ ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó ti ta alùpùpù bàbá rẹ̀ kó lè fi ta fóònù, ó ta fóònù kó lè fi sin adìyẹ, àwọn adìyẹ sì kú kó tó rí wọn tà. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò lè di nǹkan mú pẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọ́fíìsì lọ́yà lọ. Obìnrin ni lọ́yà yìí, kò tíì dàgbà púpọ̀, òkè ilé oògùn kan ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, fáànù òkè àjà sì ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹni ń ta atẹ́gùn. Ìyá Yunifọ́ọ̀mù ló rán aṣọ tó wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò lè jókòó kí ìyá tó jókòó.

"Kọ ọ́ báyìí," ni ìyá wí. "Kí ilé mi di ti ẹ̀gbọ́n mi níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà láyé. Bí wọ́n bá ti lọ, kó di ti àwọn ọmọ-ọmọ ìyá wa tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún."

Lọ́yà kọ èyí àkọ́kọ́. Nígbà tó dé ìkejì, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Màmá, ti ẹ̀gbọ́n yín dúró gbọn-in. Kò sẹ́ni tó lè lé wọn jáde títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Apá kejì yìí ni kò lè dúró."

"Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Òfin àtijọ́ kan ló wà, Màmá. Ó ní òkú kò gbọdọ̀ di ohun ìní mú títí láéláé. Ẹ lè ní kí nǹkan yín dúró de ẹnì kan kó tó di tirẹ̀, àmọ́ ìdúró náà lópin. Ẹ mú ẹni tó wà láyé lọ́jọ́ tí ẹ̀yin lọ, kí ẹ ka ọjọ́ ayé onítọ̀hún tán, kí ẹ wá fi ọdún mọ́kànlélógún lé e. Kí ìyẹn tó pé, ó gbọ́dọ̀ ti dájú ẹni tó ni nǹkan náà. Bó bá ṣeé ṣe rárá pé kó má dájú títí ìgbà yẹn yóò fi kọjá, bó ti wù kó kéré mọ, òfin á fagi lé e láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ṣé òfin fẹ́ kí wọ́n máa ta ilé onílé ni?"

"Rárá o. Aṣọ tí ẹ rán fún mi nígbà yẹn, ṣé ẹ rántí pé ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú?"

"Ẹsẹ̀ rẹ gùn bí igi iná mànàmáná. Kí ni ǹ bá ṣe?"

"Ta ni ẹ ṣẹ́ ẹ fún?"

"Ìwọ náà ni."

"Ẹ kò ṣẹ́ ẹ fún ọmọ tí mo máa bí?"

"Bí mo bá ṣẹ́ ẹ fún ọmọ rẹ, aṣọ á wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ, o ò ní lè sáré."

"Ohun tí òfin náà sọ nìyẹn, Màmá. Ó ní kí ẹ ṣẹ́ ẹ fún ẹni tó wà láyé, kí ẹ wá fi ìwọ̀nba tí ọmọ kan á fi dàgbà kún un. Kí ó má baà wúwo lẹ́sẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá létí, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó mi orí. Ó ní ẹni tó ṣe òfin yẹn, ó jọ pé ìyá rẹ̀ jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí. Lẹ́yìn náà ló rò ó, tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ ìyá wa ti wà láyé. Méjì ni wọ́n, o mọ̀ wọ́n. Ọmọ wo ni à ń retí?"

Lọ́yà wo tábìlì. Ó dàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n yín ló kù, Màmá. Lójú òfin, wọ́n ṣì lè bímọ."

Fáànù ń ké. Ìyá Yunifọ́ọ̀mù ní òun kò gbọ́, lọ́yà sì tún un sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún?"

"Òfin yẹn kì í wo ọjọ́ orí obìnrin. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń mí, òfin gbà pé ó lè bí. Bí wọ́n bá bímọ lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, tí ẹ̀gbọ́n yín náà sì lọ kété lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ yẹn kò ní tíì pé ọgbọ̀n nígbà tí ọdún mọ́kànlélógún bá pé lẹ́yìn ikú wọn. Nítorí ọmọ yẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa bàjẹ́, títí kan ti àwọn méjì tó ti wà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti tún òfin yìí ṣe. Tiwa kò tíì kàn án."

"Ṣé ò ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Ìyá kò mọ̀ pé òun ti dìde. Lọ́yà náà dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n kọ "àwọn ọmọ mi" gbangba-gbàǹgbà, ìgbà náà ni ọgbọ̀n ọdún lè dúró. Tàbí kí wọ́n fi "ọmọ-ọmọ ìyá wa" sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sì gé ọgbọ̀n náà kù sí mọ́kànlélógún, nítorí ọmọ yòówù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá bí á pé ìyẹn kí àsìkò òfin tó kọjá.

Àbíkẹ́yìn ti kọjá mọ́kànlélógún tipẹ́. Bí wọ́n bá gé e, ọjọ́ tí Màmá Òkè bá lọ ni ìpín ilé yóò bọ́ sí ọwọ́ tí kì í di nǹkan mú. Bí wọn kò bá gé e, ìyá ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun kò lọ́mọ. Ó ní òun yóò lọ rò ó.

Ó délé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ "àwọn ọmọ mi" sí etí bébà tó fi ń gé aṣọ, kó kàn lè wo bó ṣe rí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kíá, ojú sì ń tì í bí ẹni tó jalè. Nígbà tó padà sídìí iṣẹ́, ó rán kọ́là mọ́ aṣọ kan lódìkejì, èyí tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán tó gba òmìnira.

Màmá Òkè ló rí i, nígbà tó gbé tíì sọ̀ kalẹ̀ wá fún un.

"Àbúrò, kọ́là yìí ń wo ẹ̀yìn."

"Ojú mi ló ń ṣú, Àǹtí mi."

Màmá Òkè jókòó. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ di lẹ́tà tí kò lè ṣí mú lọ́wọ́, nítorí náà ó mọ̀ ọ́n dúró. Nígbà tó yá, Ìyá Yunifọ́ọ̀mù kò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó sọ ohun gbogbo, ti dókítà, ti ilé, ti etí aṣọ, títí ó fi kan ibi tó le.

"Kí wá ni òfin sọ?"

"Ó ní… ó ní ẹ ṣì lè bímọ."

Màmá Òkè gbé ife kalẹ̀, tíì sì ta sórí aṣọ búlúù, kò sì sẹ́ni tó rántí kígbe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. "Èmi? Pẹ̀lú orúnkún yìí? Ta ni yóò bá mi pọn ọ́n?" Ìyá Yunifọ́ọ̀mù náà bá a rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì ń fúyẹ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín Màmá Òkè yí padà, èjìká rẹ̀ ń mì, àbúrò rẹ̀ sì rí i pé ẹkún ni. Kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tó gbé àpótí rẹ̀ dé. Ó sáré dìde, ó gbá a mọ́ra, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àbúrò," ni Màmá Òkè wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "dókítà sọ fún mi pé ó tán. Ọkọ mi sọ pé ó tán. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Èmi náà sọ ọ́ fún ara mi, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àṣé ẹnì kan ṣì wà tí kò tíì gbà."

"Òfin ni, Àǹtí mi. Kì í ṣe ènìyàn."

"Ohun tó bá jẹ́ kó jẹ́." Ó fi etí ìró nu ojú. "Lọ kọ orúkọ wọn. Kọ ọ́ pé ọmọ rẹ ni wọ́n. Ṣé o rò pé mi ò mọ ẹni tó bí wọn ni? Ọwọ́ mi ni o dì mú nígbà tí o ń rọbí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi ní ìka."

"Mi ò ní kọ ọ́."

"Torí kí ni?"

"Torí irọ́ ni."

Màmá Òkè mú àjákù aṣọ kan, ó fi nu tíì tó ta sílẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ṣí, Àbíkẹ́yìn wọlé láti ibi tó ti ń wá iṣẹ́ tuntun kiri, ó kí wọn, ó gbé korobá méjì, ó sì gba ẹ̀yìn lọ síbi ẹ̀rọ omi. Omi kì í gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, láti ìgbà tó sì ti lágbára láti gbé korobá ló ti ń pọn omi Màmá Òkè gòkè kó tó jẹun. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ tó ń da omi sínú garawa. Lẹ́yìn náà ló nahùn láti òkè: "Màmá Òkè, omi yín ti kún o! Mo ti bá yín pa fèrèsé dé, òjò ń bọ̀."

Ìyá Yunifọ́ọ̀mù tẹ́tí sí i. Ọmọ tó ti ta gbogbo ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí, òun náà kò jẹ́ kí garawa yẹn gbẹ rí. Ó máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì kà á sí nǹkan kan.

"Fi ọmọ náà sílẹ̀," ni Màmá Òkè wí jẹ́ẹ́. "Nígbà tí ìwọ pé ọgbọ̀n ọdún, kí lo gbọ́n sí? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fẹ́ ta ẹ̀rọ yìí kí o lè lọ máa di irun?"

"Ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀rọ náà pamọ́."

"Mo gbà á pamọ́ torí mo wà láyé. Ẹni tó bá wà láyé nígbà yẹn ni kó bá a gbà á pamọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá sì tà á lẹ́yìn tí àwa méjèèjì ti lọ, ṣé a ó tún fẹ́ wá gun àtẹ̀gùn yẹn ni?"

Ìyá Yunifọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ṣòro fún un. Òwú ló fi kọ́ ilé náà, aṣọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ṣùgbọ́n ó mú àbẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú kọ́là tó rán lódì, kó tó sì tú u tán, ó ti mọ ohun tí yóò sọ fún lọ́yà.

Àwọn méjèèjì jọ lọ ni. Ó pẹ́ kí Màmá Òkè tó gun àtẹ̀gùn ilé oògùn náà tán, ó ń sinmi, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí aboyún ṣe ń gun òkè nìyí. Akọ̀wé lọ́yà àti ọkùnrin kan láti ilé oògùn wá ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ́yà ní Màmá Òkè kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, nítorí ó ní ìpín nínú ìwé náà, Màmá Òkè sì lọ jókòó síbi àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé itan.

Kí lọ́yà tó kà á, ó tẹ orí ba létí Ìyá Yunifọ́ọ̀mù. "Màmá, bí ẹ bá fẹ́, mo lè yọ apá kan kúrò níbẹ̀. Kò sí ohun tí yóò bàjẹ́, gbogbo wa mọ̀ pé…"

"Ìwọ lo ní òfin gbà bẹ́ẹ̀," ni ìyá wí. "Ṣé ìwọ wá ju òfin lọ ni? Kà á."

Lọ́yà kà á sókè. Ó kà á pé kí ilé náà di ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí di òpin ayé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀. Ó ṣí ojú ewé. "Lẹ́yìn rẹ̀, kí ilé náà di ti gbogbo ọmọ-ọmọ ìyá wa tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àwọn tó ti wà láyé, àti ọmọ yòówù tí ẹ̀gbọ́n mi bá bí lọ́jọ́ iwájú."

"Àmín," ni ohùn kan wí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Gbogbo wọn yíjú. Màmá Òkè ti di ojú. Ó la ojú, ó rí i pé wọ́n ń wo òun, ojú sì tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Lọ́yà," ló wí, "ẹ bá mi ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lọ́yà wo Ìyá Yunifọ́ọ̀mù, ìyá sì mi orí. Ó tún un kà, jẹ́jẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, nígbà tó sì dé ìparí rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló ṣe àmín.